Ìdérí Kẹta

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Mọ́rísì náà fi dúró
lábẹ́ páànù ẹ̀yìn ilé wa ní Fray Bentos.
Ológbò bímọ sórí àga ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà mẹ́fà,
aláǹtakùn sọ sítíárìn di ilé baba rẹ̀.
"Ìwọ lo pa á," ni Waldemar máa ń wí
bí a bá ń jẹun, pàápàá bí àlejò bá wà,
"ìwọ lo wà á lọ sí ìlú Mercedes láìwo òróró."

Ìgbéyàwó àbúrò mi ni mo bá lọ.
Mo wo òróró. Mo nu ọ̀pá ìwọ̀n, mo tì í padà, mo tún un wò.
Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba obìnrin gbọ́
níwájú ẹ́ńjìnì tó ti nọ́ọ̀kì?

Ó kú lóṣù Kẹfà, nígbà tí òtútù ń gòkè bọ̀ láti odò.
Lóṣù Kẹsàn-án, mo ra sípánà.
Àwọn ọmọ mi ní ọ̀fọ̀ ti dà mí lórí rú.
Yamandú, ọmọ aládùúgbò, ló bá mi fi ẹ̀wọ̀n fà á jáde
bí ìgbà tí à ń yọ eyín àgbà:
díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀.

Orí tábìlì oúnjẹ la gbé e lé.
Kí ni mo tún fẹ́ fi tábìlì ẹni mẹ́fà ṣe?
Mo kó bóòtù sínú agolo, mo lẹ ìwé mọ́ ọn lára:
ti òkè, ti ìsàlẹ̀, ti "mi ò mọ̀".
Agolo "mi ò mọ̀" ló kọ́kọ́ kún.

Ogún ọdún ni mo fi gé ẹran nílé iṣẹ́ etí odò,
ọwọ́ mi mọ ibi tí oríkèé ti ń pàdé oríkèé.
Mo dojú ẹ́ńjìnì délẹ̀, mo ní: ẹran náà nìyí,
eegun ẹ̀yìn rẹ̀ nìyí, ọ̀rá rẹ̀ nìyí, ó dì, ó dúdú.
Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì eyín ha á.
Àtẹ̀ka mi wà lára igbá tí mo fi ń mu mate,
ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kọ̀, kò bá mi mu ún mọ́.

Nígbà náà ni mo dé ìdí àwọn ìdérí bíárìn.
Mẹ́rin ni wọ́n, bí písítìnì ti jẹ́ mẹ́rin,
nọ́ńbà wà lára ìdérí, nọ́ńbà wà lára apá tó dé,
kí àwọn méjèèjì lè kọjú síbì kan náà.
Ìkíní, ìkejì, ìkẹrin: wọ́n kọjú síra.
Ìkẹta kẹ̀yìn.

Mo yọ awò ojú mi. Mo nù ún. Mo tún wò.
Ẹnìkan ṣoṣo ló tú ẹ́ńjìnì yìí rí:
Waldemar, ọjọ́ Àìkú mẹ́ta gbáko, tòun ti bọ́ọ̀lù inú rédíò,
nígbà tí ìgbéyàwó àbúrò mi ku oṣù kan.

Yamandú ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín náà dé ọ̀nà ọ̀fun, ó yí padà, ó di nǹkan mìíràn.
Ọmọ náà gbé omi kaná, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Bíárìn tuntun dé láti Montevideo nínú ìwé ìròyìn àtijọ́.
Mo yí ìdérí kẹta padà, nọ́ńbà sí nọ́ńbà,
ó wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni pòṣé.

Oṣù Kejì ló tó dáhùn.
Èéfín gba àgbàlá, ológbò gbé ọmọ rẹ̀ sá.
Ó ṣì ń jò. Mo gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú mo wà á dé ibojì.
Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo pa iná, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Mo fa ọ̀pá ìwọ̀n jáde níṣojú rẹ̀,
mo nù ún, mo tì í padà, mo tún un fà jáde.
Ó pé.
Mo sì mú ọ̀nà Mercedes pọ̀n.